Ìka tó ń há, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí àtẹ́lẹwọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé orí owó, kì í sì í ṣe ti èrè ìparí ọdún. Ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ ni. Ẹni tó bá ń wò ó pé kí ló kan ìwé ẹgbẹ́ nínú ìka ọwọ́, kó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ìka kan ṣoṣo ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa láìpẹ́ yìí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ránṣọ nínú ẹgbẹ́ wa yá owó, ènìyàn méjì sì dúró fún un. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, ó san án geerege. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, a ò rí i. Oṣù kẹfà, bákan náà. Àwọn onídùúró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, wọ́n ní kí a yọ owó náà nínú èyí tí ìyá ti ń tọ́jú sọ́dọ̀ wa kí ọ̀rọ̀ má baà já lé àwọn lórí. Nígbà tí a ránṣẹ́ pè é, kò rojọ́ púpọ̀. Ó kàn na ọwọ́ ọ̀tún sí wa ni. Ìka tí a ń fi òrùka sí ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì fà á, a gbọ́ tó dún "kọ́", ìka náà sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Omi dà lójú ìyá. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ti rí i báyìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ di àlùmọ́gàjí mú?"

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, a sì rí i pé kì í ṣe ìyá yìí nìkan. Ìyá tó ń yan gàrí wà níbẹ̀, wẹ́dà kan wà níbẹ̀, ẹni tó ń dirun náà wà níbẹ̀. Kálukú ló ń fi ọwọ́ pamọ́. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kì í ṣe dókítà o, ohun tí a bi àwọn dókítà tí wọ́n sì ṣàlàyé fún wa ni a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ìka ṣe ń ká. Ọ̀pọ̀ wa rò pé inú ìka fúnra rẹ̀ ni agbára tó ń ká a wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fi ọwọ́ kan di apá kejì mú láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, kí o wá máa ká ìka, kí o máa nà án. Wàá rí i pé ẹran apá ń mira lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Ẹran yẹn ló ń fa ìka. Iṣan tó dà bí okùn ni ó fi ń fà á, okùn yìí gba ọrùn ọwọ́ kọjá, ó gba àtẹ́lẹwọ́, ó sì lọ so mọ́ eegun ìka. Kí okùn má baà fò kúrò lára eegun nígbà tí ìka bá ká, Ọlọ́run fi awọ líle kéékèèké dè é mọ́lẹ̀ bí òrùka, okùn á sì máa gba inú àwọn òrùka náà lọ, á máa gba inú wọn bọ̀.

Ẹ wo okùn ṣòkòtò. Bí okùn bá ń dán, tí ojú ibi tó ń gbà sì fẹ̀, wàá fà á, yóò yọ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí okùn bá ta kókó, tàbí tí ojú ibi tó ń gbà bá sún kì, wàá fà á títí kó tó kọjá, nígbà tó bá sì kọjá, yóò ṣẹ́ yọ lójijì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìka tó ń há. Òrùka àkọ́kọ́, èyí tó wà ní ìdí ìka níbi tó ti pàdé àtẹ́lẹwọ́, ló máa ń nípọn tó sì máa ń fún. Iṣan náà á wú, á ta kókó síbẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ibẹ̀, ẹ ó mọ kókó náà bí ìgbà tí èso kékeré kan wà lábẹ́ awọ, yóò sì máa dun yín. Dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Notta ló kọ̀wé nípa kókó yìí ní 1850, nítorí náà kì í ṣe àìsàn tuntun. Àwọn òyìnbó ń pè é ní "trigger finger", wọ́n fi wé ìka ọdẹ tó fẹ́ yin ìbọn. Dídún tó ń dún ni wọ́n rí. Àwa ní tiwa, híhá tó ń há ni a rí, ìka tó ń há ni a ó sì máa pè é.

Àárọ̀ ló máa ń le jù. Ẹlòmíràn á jí, á bá ìka lórí ká, á ní láti fi ọwọ́ kejì tú u. Ìka tí a ń fi òrùka sí àti àtàǹpàkò ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sí ìka tí kò lè ṣe. Obìnrin ló ń ṣe ju ọkùnrin lọ, àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún ni pàápàá. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà, ni ó ń dà láàmú jù. Ó lè mú wọn ní ìka méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ní ti iṣẹ́, àwọn dókítà kò fi ẹnu kò pé iṣẹ́ ọwọ́ ló ń fà á, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé ẹni tí ìka rẹ̀ bá ti ń há, tó tún ń di ọmọ odó tàbí ọkọ́ mú gírígírí láti àárọ̀ di alẹ́, ìrora rẹ̀ yóò pọ̀ sí i.

Wọ́n ti sọ fún ìyá aránṣọ yìí pé ayé ló ń ṣe é. Wọ́n ní aṣọ kan tó gbà lọ́wọ́ oníbàárà kan ni ó fi ọwọ́ kó nǹkan. Ó náwó sí ìyẹn. Ẹlòmíràn ní làkúrègbé ni, ó tún ra àgbo. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n kókó tó wà lábẹ́ awọ, tí dókítà fi ọwọ́ tẹ̀ tó sì mọ̀ ọ́n, kò nílò ọ̀tá kó tó lè wà níbẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni ti ọmọkùnrin kan tó ń ta oògùn. Ó ní òun yóò wò ó sàn. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ń gún ìyá lábẹ́rẹ́ ní ìdí, ó sì ń fún un ní hóró oògùn wẹ́wẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, kò sọ orúkọ oògùn fún un. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara tu ìyá. Oúnjẹ ń wù ú jẹ, ojú rẹ̀ yọ, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, àwọn ará àdúgbò ní owó ẹgbẹ́ ló ń jẹ. Kò pé oṣù mẹ́ta, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, òòyì ń kọ́ ọ, nígbà tó dé ọsibítù, wọ́n bá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lókè, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì wà. Steroid ni oògùn tí ọmọkùnrin yẹn ti ń fún un. Ìka kò sì yé há.

Wàyí o, lẹ́yìn tí dókítà ti bá a mú ṣúgà wálẹ̀, ó wo ìka, ó ní òun yóò gún un ní abẹ́rẹ́ kan. Ìyá bèèrè irú abẹ́rẹ́ tó jẹ́. Wọ́n ní steroid ni. Ìyá dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó di ilé! Ó ní ohun tó fẹ́ pa òun náà ni wọ́n tún fẹ́ gún sí òun lára. Tani yóò bá a wí? Àwa náà, a kọ́kọ́ rò pé òun ló gbọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Oògùn kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo òyìnbó tí a rọ sínú àtùpà àti epo òyìnbó tí a dà sí gbogbo ilẹ̀ ilé, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba. Steroid tí dókítà ń gún sí àtẹ́lẹwọ́ kò pọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ibẹ̀ mọ ìrora kò tó ìlàjì ṣíbí tíì. Ojú ibi tí iṣan ti há ni ó ń rọ ọ́ sí. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti ṣiṣẹ́. Èyí tí a ń gún sí ìdí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, àti hóró tí a ń gbé mì lójoojúmọ́, gbogbo ara ni ó ń kiri: ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń jẹ eegun, ó sì ń sọ ara di aláìlágbára láti bá àrùn jà. (Ẹ̀yin tó ń lò ó kí ẹ lè sanra, a ń bá yín wí náà.) Ẹni tó bá sì ti ń lo hóró rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọdọ̀ já a jù sílẹ̀ lójijì, nítorí ara ti gbàgbé bí yóò ṣe máa ṣe tirẹ̀, dókítà ni yóò bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

A ní ara ń ṣe tirẹ̀, kì í ṣe àṣìsọ. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe irú nǹkan yìí fún ara lójoojúmọ́. Ní 1948, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Hench fi èyí tí wọ́n ṣe lọ́wọ́ gún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́ orí ibùsùn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ obìnrin náà dìde rìn. Ní 1950 wọ́n fún Hench àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n oògùn náà wọ́n bí ojú. Àwọn òyìnbó wá a dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, irúgbìn igi tí àwọn ọdẹ àtijọ́ fi ń ṣe oró ọfà ni wọ́n ń ṣà. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan, Percy Julian, tí wọ́n kó bàbá rẹ̀ àgbà lẹ́rú, rí ọ̀nà ní 1949 láti fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú rẹ̀. Níkẹyìn, iṣu ló yanjú ọ̀rọ̀: iṣu igbó kan láti ilẹ̀ Mẹ́síkò, tí kì í ṣe jíjẹ, ni wọ́n fi ń ṣe é púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìgbà náà ni owó rẹ̀ tó wálẹ̀. Ẹ̀yin oníṣu ọjà Wàásò, ẹ ti gbọ́ o. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gún un sí ìka tó ń há.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gún un? Wọn yóò tẹ́ ọwọ́ yín sórí tábìlì, wọn yóò fi oògùn apakòkòrò nu àtẹ́lẹwọ́, wọn yóò sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wọlé ní ìdí ìka. A ò ní purọ́ fún yín, ó ń dun ni. Àtẹ́lẹwọ́ kì í ṣe ìdí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́, kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń ka owó ọjà kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ìka lè kú tìpìrì fún wákàtí díẹ̀. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì tó tẹ̀lé e, ìrora lè tún padà, ó tilẹ̀ lè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bínú pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Ẹ má ṣe bínú. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálé yọ̀ lọ. Ẹ fi ìka sinmi iṣẹ́ líle fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ máa rọra ká a, kí ẹ máa nà án, kó má baà le.

Nínú àwọn tó bá gba abẹ́rẹ́ yìí, ó ju ìdajì lọ tí ìka wọn máa ń yé há, àwọn kan kò sì ní rí i mọ́ láé. Ní ti àwọn yòókù, ó lè padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Wọ́n lè gún un lẹ́ẹ̀kejì, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n kì í sábà ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìka kan, nítorí steroid tó bá pọ̀ jù níbì kan lè sọ iṣan di ẹlẹgẹ́, iṣan sì lè já. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ohun mìíràn tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kí awọ ojú abẹ́rẹ́ fẹ́lẹ́, tàbí kí àwọ̀ ibẹ̀ funfun ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, èyí máa ń hàn. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kí ẹ má baà tún gbé ìyẹn náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ gbọ́ tiyín lọ́tọ̀. Ẹ lè gba abẹ́rẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kó tó fa oògùn. Ṣúgà yín yóò gòkè fún bí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí ẹ má sì fi oògùn ṣúgà yín ṣeré. Bí ó bá ti ga jù kí ẹ tó débẹ̀, dókítà lè ní kí ẹ lọ mú un wálẹ̀ ná. Abẹ́rẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún yín bó ṣe ń ṣe fún àwọn tí kò ní i. Wẹ́dà tí a dárúkọ lókè, alátọ̀gbẹ ni. Ó gba èkíní, ó rí oṣù mẹ́rin gbà. Ó gba èkejì, kò tó oṣù méjì. Wọ́n wá ní kó jẹ́ kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kun ènìyàn lóorun sí. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni wọ́n ń mú kú, wọ́n á la awọ díẹ̀, wọ́n á gé òrùka tó fún yẹn kí iṣan lè ráyè kọjá, wọ́n á sì rán an. Ọjọ́ náà ni wẹ́dà wa padà sílé. Ó ní òun ń wo ìka òun bó ti ń ká tó ń nà lórí tábìlì, òun sì ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ lè jinná dáadáa. Ìka tí wọ́n bá ṣe báyìí kì í sábà há mọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, dókítà tilẹ̀ lè má gún un rárá. Ó lè fi igi pẹlẹbẹ di ìka náà ní nínà, pàápàá ní alẹ́, kó sì ní kó dín iṣẹ́ kù.

Àwọn kan wà tí abẹ́rẹ́ yìí kò tọ́ sí. Bí ìka bá wú látòkè délẹ̀, tó gbóná, tó ń ta lù lù lù, tí kò ṣe é nà rárá, tàbí tí ibà bá wà níbẹ̀, kòkòrò ti wọ ojú iṣan nìyẹn. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì ń kú tìpìrì lóru tí ìka kò há, ìyẹn àìsàn mìíràn ni. Ọmọ kékeré tí àtàǹpàkò rẹ̀ ká tí kò nà náà ní ìtọ́jú tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọn kì í gún un lábẹ́rẹ́ yìí.

Níbo ni kí á lọ? Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, a kì í ṣe ẹni tí kò ní ọsibítù. Láti 1907 tí Dókítà George Green ti dé ìlú wa ni ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀, òun ló di ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Bowen ní 2009. Ti LAUTECH náà wà. Ẹ gba káàdì, ẹ sọ pé ìka ń há, kí ẹ sì bèèrè bí dókítà eegun yóò ṣe rí yín. Bí ẹ bá ti gba abẹ́rẹ́ kan rí níbikíbi, tàbí tí ẹ ń lo hóró oògùn tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mú páálí rẹ̀ dání. Kẹ́mísì, bó ti wù kó mọ́ tó, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gún àtẹ́lẹwọ́.

Ní ti ìyá aránṣọ, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn onídùúró rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú un padà lọ. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ sì fún un ní oṣù méjì láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gún un. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní ẹ̀tàn ni. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gé aṣọ àǹkárá fún ẹbí kan tó fẹ́ ṣe ìsìnkú, ní ìpàdé tó sì kọjá, ó san ti oṣù méjì pọ̀. Bó ti ń ka owó náà lórí tábìlì wa, a gbọ́ tí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ dún. Ó wojú wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gba káàdì ọjọ́ Ajé.